Ọ̀fìnkìn Lásán

Nígbà tí Ìyá Ọlọ́ṣẹ sín lẹ́ẹ̀kejì, kọ́bọ́ọ̀dù tó wà ní pálọ̀ mì, àwọn ife inú rẹ̀ sì ń kí ara wọn kú ewu. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi àwọn ará ilé kejì. Obìnrin náà ò tíì bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà o. Ẹrù wà lórí rẹ̀, àpò wà ní apá rẹ̀, ikun wà nímú rẹ̀, ó sì ti na ọwọ́ méjèèjì síwájú.

"Ọmọ mi dà? Ẹ gbé ọmọ mi fún mi!"

Waliyat, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ti kúnlẹ̀. Ẹnu ọ̀nà yàrá gan-an ló kúnlẹ̀ sí, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè kọjá láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀ o, Màmá. Ẹ kú ìrìn. Ọ̀yọ́ ńkọ́? Ọjà Akẹ̀sán ńkọ́?"

Ẹnu rẹ̀ ń kí ìyá ọkọ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń wo ọkọ. Ojú náà ń sọ pé: ó yá, sọ ohun tí o ní wàá sọ.

Ọkọ yẹn ni Israfil, onígbàjámọ̀ tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Sábó, nílùú Ọ̀gbómọ̀ṣọ́. Ká ní mọ́tò ni ẹnu Israfil, ì bá ti gbé e dé Mẹ́kà kó tó bọ́jú láàárọ̀. Á ní kò sí orí tó jẹ́ orí ní Ọ̀gbómọ̀ṣọ́ tí kílípà òun ò tíì kàn. Á ní ọjọ́ kan wà tí òun gẹ irun fún bàbá kan, tó dán tó bẹ́ẹ̀ tí ìyàwó bàbá náà ò fi ṣílẹ̀kùn fún un, ó ní òun ò mọ̀ ọ́n rí. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù á rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bí Zulaikha, ọmọ rẹ̀, tó ní ọmọ náà ò ju àtẹ́lẹwọ́ òun lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má pa irọ́. Oṣù ọmọ náà ò pé tó fi jáde. Inú àpótí gíláàsì ni wọ́n gbé e sí ní ọsibítù, wọ́n ń fi wáyà ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ wúrà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé, Sister Martha, nọ́ọ̀sì àgbà tó tọ́jú rẹ̀, pe tọkọtaya náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ọ̀fìnkìn tí ẹ̀yin ń pè ní ọ̀fìnkìn lásán, ó lè pa ọmọ yìí. Ẹnikẹ́ni tó bá ń sín tàbí tó ń wúkọ́ ò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Ẹni tí ara rẹ̀ dá pàápàá, kó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kó tó gbé e."

"Sister, ẹ fọkàn balẹ̀," Israfil dáhùn. "Ọyẹ́ gan-an á tọrọ ààyè lọ́wọ́ mi kó tó fẹ́ wọlé."

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ ọyẹ́ fún yín? Ọyẹ́ kọ́ ló ń bí ọ̀fìnkìn. Láti ara èèyàn ló ti ń bọ́ sí ara èèyàn. Ọwọ́ tí ẹ fi nu imú, tí ẹ tún fi di ọmọ mú, ẹnu tí ẹ fi wúkọ́ sí i lójú, ìyẹn ni kí ẹ máa bẹ̀rù."

Waliyat rọra béèrè pé, "Tí Màmá bá dé láti Ọ̀yọ́ ńkọ́?"

Israfil na àyà síta. "Ìyá mi? Èmi náà ni màá bá a sọ̀rọ̀. Ta ni mo bẹ̀rù láyé yìí?"

Ìyá rẹ̀ ló wá dúró níwájú rẹ̀ yìí. Israfil dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó dìde, ó gbọn ṣòkòtò, ó tún ọ̀fun rẹ̀ ṣe.

"Màámi, wọ́n ní… ọ̀fìnkìn yín yẹn…"

"Ọyẹ́ ni, ọmọ mi. Dírẹ́bà burúkú yẹn ló fi mí sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Gíláàsì ò ṣeé tì. Láti Ọ̀yọ́ dé Ọ̀gbómọ̀ṣọ́ ni atẹ́gùn ń gbá mi létí."

"Ọyẹ́ ọdún yìí le ṣá," ni Israfil wí.

Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó sọ ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó gbé e mì bí ẹni gbé eegun ẹja mì.

Nígbà tí Waliyat rí i pé ọkọ òun ò ní sọ nǹkan kan mọ́, òun fúnra rẹ̀ gbìyànjú. "Màmá, ẹ jẹ́ kí n bu omi wá, kí ẹ ṣan ọwọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì ló sọ fún wa pé…"

Ìyá Ọlọ́ṣẹ sọ ẹrù kalẹ̀. "Ta ló fẹ́ fọ ọwọ́?"

"Màmá, gbogbo èèyàn ni…"

"Èmi Ràmọ́tà? Èmi Ìyá Ọlọ́ṣẹ?" Ó kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Àlàó, ṣé ò ń gbọ́ ìyàwó ẹ? Ọṣẹ dúdú tí gbogbo Ọ̀yọ́ fi ń wẹ̀, ta ló ń tà á ní Akẹ̀sán? Ọṣẹ tí òun gan-an fi wẹ̀ lọ́jọ́ tó wọlé ọkọ, ta ló gbé e fún un? Èmi ló wá ní mo dọ̀tí!"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, Màmá. Ẹ má bínú."

"Kí lo wá sọ?"

Waliyat tún wo Israfil. Israfil wo àjà, ó wo kọ́bọ́ọ̀dù, ó wo ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Waliyat, dìde lójú ọ̀nà, jẹ́ kí Màámi wọlé," ó ní. "Ọ̀fìnkìn lásán ni."

Bí Ìyá Ọlọ́ṣẹ ṣe wọ yàrá, fèrèsé ló kọ́kọ́ tì. Ó ká ìró, ó fi dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Ó pa fáànù tí kò ràn tẹ́lẹ̀, nítorí kò síná. Ó wọ súẹ́tà lé súẹ́tà fún Zulaikha, ó dé fìlà lé fìlà fún un, títí ọmọ náà fi dà bí mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́wé. Kò sí atẹ́gùn kankan tó lè wọ ibẹ̀ mọ́. Èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni gbogbo wọn ń pín mí, Ìyá Ọlọ́ṣẹ sì ń sín sínú rẹ̀.

"Àjíkẹ́ mi. Àjíkẹ́ ọ̀kín. Ìwọ lo sáré wá sáyé báyìí? Ta ló ń lé ọ?"

Ọmọ náà la ojú. Tó bá ti gbọ́ ohùn yẹn, kódà nínú fóònù, ó máa ń la ojú. Imú rẹ̀ ń dún fín-ín, fín-ín, bí imú ìkókó ṣe máa ń dún tí omi ọyàn bá ṣẹ́ kù síbẹ̀.

"Imú ọmọ yìí dí," ni Ìyá Ọlọ́ṣẹ wí. Kí ẹnikẹ́ni tó mira, ó ti fi ẹnu bo imú ọmọ náà, ó fa á, ó tu ikun náà sínú àkísà, ó tún fa á.

"Màmá! Ẹ jọ̀ọ́!" Waliyat pariwo.

Ká sọ tòótọ́, ìfẹ́ ni. Ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ kò lè fi ẹnu fa ikun imú rẹ láé. Bí àwọn ìyá wa ṣe tọ́ wa nìyẹn, kò sì sí èyí tó kórìíra wa nínú wọn. Ìyá Ọlọ́ṣẹ gbé ojú sókè, omi sì ti lé ròrò síbẹ̀.

"Ṣé ọmọ rẹ ni mo fẹ́ pa ni, ìyàwó?"

Israfil wọlé lójijì, ó sì dojú kọ ìyàwó rẹ̀. Ibi tí kò le ni ọ̀bẹ rẹ̀ máa ń mú sí. "Kí ló dé tí o fẹ́ fi mí ṣẹ̀sín? Ìwọ lo fẹ́ kọ́ ìyá mi ní ọmọ títọ́? Ẹnu yẹn ló fa imú tèmi. Wò mí dáadáa. Ṣé mo kú?"

Láti ọjọ́ náà, Waliyat dín ọ̀rọ̀ rẹ̀ kù.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ ò pẹ́ kó tó padà sí Ọ̀yọ́ nítorí ọjà rẹ̀. Ó fi ọṣẹ dúdú sílẹ̀ fún wọn, ó gbàdúrà, ó wúkọ́, ó wọ mọ́tò. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni imú Israfil bẹ̀rẹ̀ sí í jò ní ṣọ́ọ̀bù. Ó sín sí ẹ̀yìn ọrùn oníbàárà kan, oníbàárà náà fò bí ẹni tí oyin ta.

"Bàbá Zulaikha, lọ tọ́jú ara ẹ o!"

"Èmi kẹ̀?" ni Israfil wí. "Ọ̀fìnkìn tó bá mú mi, òun ló máa wá dókítà lọ."

Nígbà tó délé, Waliyat jókòó sórí ibùsùn, ọyàn rẹ̀ wà níta, ọmọ ò sì mú un. Zulaikha á gbá a mú, á fà á díẹ̀, á já a sílẹ̀, á la ẹnu wá èémí. Ikun funfun wà nímú rẹ̀. Israfil wo imú náà, ó padà jáde, ó gba ọ̀dọ̀ oníkẹ́míìsì lọ, ó sì gbé kápúsù aláwọ̀ omi ọsàn dé.

"Tú u, kí o pò ó mọ́ omi ọyàn. Òun ni gbogbo èèyàn ń lò fún ọ̀fìnkìn."

"Sister Martha ní oògùn yẹn ò mọ ọ̀nà ilé ọ̀fìnkìn. Ẹ má wo imú ẹ̀ mọ́, Bàbá Zulaikha." Ohùn Waliyat fẹ́lẹ́ bí okùn tó fẹ́ já. Ó ká ẹ̀wù ọmọ náà sókè. "Ẹ wo àyà ẹ̀."

Israfil wò ó. Ní gbogbo ìgbà tí ọmọ náà bá mí, abẹ́ eegun ìhà rẹ̀ á wọnú pátápátá, bí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí èèyàn fa omi inú rẹ̀ tán. Ihò imú rẹ̀ ń fẹ̀. Ètè rẹ̀ ti ń ṣú. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ìgbà tí wọ́n ti já ọyàn lẹ́nu Israfil fúnra rẹ̀ tí kò rí àwàdà kankan ṣe.

Ọlọ́kadà tó gbé wọn lọ sí ọsibítù sáré tó bẹ́ẹ̀ tí òjìji wọn fi bá wọn níbẹ̀ lẹ́yìn. Bí Sister Martha ṣe rí ọmọ náà, kò kí ẹnikẹ́ni. Ó gbà á, ó pe dókítà, wọ́n sì fi rọ́bà ọ́síjìn sí imú kékeré náà. Wọ́n fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ mìíràn gba ihò imú kejì lọ sínú ikùn rẹ̀, nítorí kò lágbára àtimu ọyàn mọ́.

"Ó ti sọ̀ kalẹ̀ sí àyà," ni Sister Martha sọ fún wọn níkẹyìn. "Ihò tí ọmọ yìí fi ń mí ò ju fọ́nrán òwú lọ. Ikun tí àgbàlagbà máa fun dànù, ó ti tó láti dí i. A ń ṣe èyí tí a lè ṣe. Ẹ máa gbàdúrà. Ta ni ọ̀fìnkìn ń ṣe nínú ilé yín?"

"Ọyẹ́ yìí náà ni…" Israfil bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá Zulaikha," ni Waliyat wí, láìgbójú sókè. "Ẹ dá wọn lóhùn."

"Àlejò kan ni," ni Israfil wí. "Ó ti lọ."

"Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́, sà? Ẹni tí ara rẹ̀ ò bá dá ò lè wọ yàrá yìí o. Àwọn ọmọ mìíràn náà wà níbẹ̀."

Imú Israfil ń yún un bí ìgbà tí eèrà wọ̀ ọ́. Ó fún un pọ̀. "Ara mi le bí òkúta, Sister."

Ó rí ọ̀nà wọlé. Ó ti lọ fi báàmù kun imú rẹ̀ lóde, ó ń fi ẹnu mí, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì rò pé ìbànújẹ́ ló pa á lẹ́nu mọ́, wọ́n ń káàánú rẹ̀. Ó jókòó ti ìyàwó rẹ̀. Waliyat fa àga rẹ̀ díẹ̀ sí apá kejì.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni Ìyá Ọlọ́ṣẹ dé láti Ọ̀yọ́, lẹ́yìn tó gbọ́ lórí fóònù. Láti ẹnu gẹ́ètì ni wọ́n ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀, pẹ̀lú ikọ́ láàárín. Ìgò àgbo wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo sọ fún un! Mo ní kó má fi omi tútù wẹ̀ ẹ́! Mo ní kó máa ti fèrèsé! Ọmọ ayé òde òní ò gbọ́ràn! Àjíkẹ́ mi dà?"

Fèrèsé gíláàsì ló pín yàrá àwọn ọmọ níyà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Waliyat jókòó nínú, ó ti ẹ̀yìn sí wọn. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà wọ etí rẹ̀. Kò yíjú. Israfil dìde, ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì fa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ dúró, Màámi."

"Kúrò lọ́nà."

"Ẹ ò ní wọlé."

Ìyá náà wò ó bí ẹni tó gbọ́ èdè mìíràn lẹ́nu ọmọ rẹ̀. "Ìyàwó ẹ ló rán ọ."

"Kò rán mi. Kò tiẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀. Màámi, ẹ fi omi tútù sílẹ̀, ẹ fi ọyẹ́ sílẹ̀. Ọ̀fìnkìn yín ni. Èyí tí ẹ gbé wá láti Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ yẹn, òun ló wà láyà ọmọ yẹn."

"Tèmi?"

"Ẹ ò mọ̀. Èmi ni wọ́n sọ fún. Mo fọ́nnu pé màá sọ fún yín. Nígbà tí ẹ dé, ojú yín ni mò ń wò."

"Àlàó. Ẹnu yìí náà ni mo fi fa imú gbogbo yín."

"Mo mọ̀. Mo fi bú Waliyat. Mo ní kó wò mí, ṣé mo kú?"

Ìyá Ọlọ́ṣẹ fi ọwọ́ wá bẹ́ńṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó sì rọra jókòó, ìgò àgbo náà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ìwọ ò kú," ó ní. "Mubaraq ló kú."

Israfil ò gbọ́ orúkọ yẹn ju ìgbà mélòó kan lọ láyé rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, ọmọ tí wọ́n bí ṣáájú rẹ̀. Wọ́n ní kò tíì mọ ìjókòó tó fi lọ. Wọ́n ní òtútù ló pa á.

"Ìgbà ọyẹ́ ni, bíi báyìí," ni ìyá náà wí. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. "Ọ̀fìnkìn ń ṣe èmi náà nígbà yẹn. Imú rẹ̀ dí. Mo fa á láàárọ̀, mo fa á lọ́sàn-án. Bó ṣe ń dí ni mò ń fa á. Bàbá yín ló ṣí fèrèsé sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo ní atẹ́gùn ló wọlé pa ọmọ mi. Mo bá bàbá yín jà títí òun náà fi wọ ilẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń ti fèrèsé, Àlàó. Gbogbo fèrèsé. Fèrèsé olófèrèsé."

"Màámi, a ò lè mọ ohun tó…"

"Dákẹ́ ná." Ó gbé orí sókè. "Tún sọ̀rọ̀ kí n gbọ́."

"Kí ni kí n sọ?"

"Ohùn ẹ ti yí. Èmi ni mo bí ọ. Imú ẹ dí pa. Báàmù ni mò ń gbóòórùn ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti dúró síbí." Ó na ìka sí ilẹ̀kùn tí Israfil fi ẹ̀yìn tì. "Èmi ò gbọdọ̀ wọlé. Ìwọ ńkọ́?"

Ẹnu tí ì bá ti dé Mẹ́kà dúró gbagidi. Israfil wo ẹ̀yìn. Waliyat ti yíjú sí wọn nínú gíláàsì, ojú rẹ̀ pọ́n, kò sì sẹ́jú. Ó gbọ́. Ó ń dúró de ìdáhùn.

Israfil kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó lọ bá Sister Martha níbi tó ti ń po oògùn.

"Sister, ọ̀fìnkìn ń ṣe èmi náà. Irọ́ ni mo pa fún yín."

Sister Martha wò ó títí. Ó jọ pé èébú ló ń wá, kò rí èyí tó tó. "Ẹ lọ jókòó síta," ó ní. "Ẹ má wọ ibí yìí mọ́ títí màá fi pè yín."

Ẹ̀rọ omi kan wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Ìyá Ọlọ́ṣẹ mú ọṣẹ dúdú jáde nínú àpò rẹ̀, ó bu fún ọmọ rẹ̀, ó bu fún ara rẹ̀. Wọ́n fọ ọwọ́. Obìnrin náà fọ tirẹ̀ títí dé ìgúnpá, ó ṣan án, ó tún bu ọṣẹ, ó tún fọ̀ ọ́. Ó bọ́ ìbòrí rẹ̀, ó fi di imú àti ẹnu. Israfil náà gba ìnujú lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi di tirẹ̀. Wọ́n gbé bẹ́ńṣì náà kúrò lọ́dẹ̀dẹ̀, wọ́n gbé e sínú oòrùn, sí ìta, lápá ibi tí fèrèsé kejì yàrá náà kọjú sí. Ó jìnnà sí ògiri díẹ̀. Atẹ́gùn ọyẹ́ ń fẹ́ eruku lù wọ́n. Kò sẹ́ni tó bẹ̀rù rẹ̀.

Wọ́n wà níbẹ̀ pẹ́. Àwọn èèyàn ń kọjá, wọ́n ń kí wọn kú ìnira. Ìgò àgbo náà wà nílẹ̀, kò sẹ́ni tó ṣí i.

Nígbà tó ṣe, irin fèrèsé náà dún. Waliyat ló ṣí i láti inú.

"Màmá."

Ìyá Ọlọ́ṣẹ dìde, ó tún rántí, ó jókòó padà. "Ìyàwó mi. Ìyàwó mi, mo…"

"Kò la ojú láti àárọ̀," ni Waliyat wí. Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀, kò sì sí ìdáríjì. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ju kó gbé èyíkéyìí nínú méjèèjì lọ. "Ẹ pè é. Ó mọ ohùn yín. Ibi tí ẹ wà yẹn ni kí ẹ ti pè é."

Ìyá náà di ìbòrí mọ́ imú rẹ̀ pinpin. Ó wúkọ́ sínú aṣọ, ó kọjú sẹ́yìn láti ṣe é, ó tún kọjú síwájú.

"Àjíkẹ́," ó pè. "Àjíkẹ́ ọ̀kín. Àjíkẹ́, ìwọ lo sáré wá. Má sáré lọ."

Israfil ti dìde dúró. Láti ibi tó wà, ó ń rí ibùsùn kékeré náà, ó ń rí rọ́bà méjèèjì, ó sì ń rí àyà tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

"Àjíkẹ́," ni ìyá rẹ̀ tún pè.

Àyà náà wọnú. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń dúró kó tún jáde.